Pupa Mélòó Ló Wà Lára Òkìtì Wúrà?

"Mọ́mì Ìbàdàn, àwọ̀ wo nìyẹn?"

Ọmọ àbúrò mi ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Johannesburg ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ń dàgbà sí. Orí àpáta la jókòó sí ní Kensington, lápá ìlà oòrùn ìlú náà, láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Keje, tí òtútù ń gbá ni létí bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ó gbé pátákó lé orúnkún, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà mọ́ ọn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi náà gbé tèmi lé orúnkún. Lọ́ọ̀ọ́kán lápá gúúsù, òkìtì ńlá kan jókòó síbẹ̀, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹbà tí wọ́n fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ lórí. Òun lọmọ náà ń nawọ́ sí.

Mo ní, "Pupa ni."

Ó wo òkìtì, ó wo ọ̀dà tó wà nínú àwo rẹ̀, ó wá yíjú sí mi. "Pupa bíi tòmátì?"

N kò rí èsì fọ̀. Òkìtì náà kò bá tòmátì tan rárá. Bí mo ṣe wá ń tẹjú mọ́ ọn ni mo ń rí i pé ohun tí mo fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Orí rẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń lù ú, dà bíi gaàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà bíi gaàrí tí wọ́n ta epo sí, èyí tí àwa fúnra wa ń pè ní gaàrí pupa, bẹ́ẹ̀ ó sún mọ́ ìyeyè ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Òjò ti la ojú àgbàrá sí i lára láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú àwọn ojú àgbàrá náà sì ṣú bí ìdí igbá tó ti pẹ́ lórí ààrò. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí koríko gbígbẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó pọ́n bíi páànù Ìbàdàn tó ti dógùn-ún.

Ntate ni gbogbo wa ń pe bàbá tó ń kọ́ wa ní àwòrán yíyà. Bí àwọn tó ń sọ èdè Sòtò ṣe ń pe bàbá nìyẹn, ẹni tó bí ọ àti ẹni tí kò bí ọ. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ó ní kí n sọ orúkọ àwọ̀ náà fún òun ní èdè mi. Mo ní "pupa". Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí pé ṣé òun nìkan la ní. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé rárá o. A ní pupa fòò, a ní pupa roro, a ní pupa rúsúrúsú, ká má tíì sọ pupa bẹ́lẹ́jẹ́ tí í ṣe ti ọmọge. Mo pè wọ́n fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí rúsúrúsú, ó gbọ́wọ́ sókè pé kí n dúró.

"Mma," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìyá, "ìyẹn gan-an ni. Ẹ lọ po rúsúrúsú fún mi."

Láti kékeré ni mo ti ń sọ Yorùbá, mo sì ti fi kọ̀wé títí irun mi fi funfun, ṣùgbọ́n orí àpáta yẹn ni mo ti mọ̀ pé fòò, roro àti rúsúrúsú kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Pupa ni ìgò ọ̀dà. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó tẹ̀lé e ló ń sọ iye omi tí a ó bù sí i, àti bóyá a ó ta dúdú díẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó dá èdè sílẹ̀ ti po ọ̀dà yìí fún wa tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òkìtì náà jẹ́. Ní 1886 ni wọ́n rí wúrà ní oko kan tó ń jẹ́ Langlaagte, ọdún náà gan-an ni ìlú sì hù síbẹ̀. Wúrà ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń ṣà létí odò. Inú àpáta abẹ́ ilẹ̀ ló sá sí, ó sì kéré tó fi jẹ́ pé òkúta rẹpẹtẹ ni wọ́n ní láti wà jáde, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́, kí wọ́n fi omi tí wọ́n po sáyánáìdì mọ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba wúrà yọ níbẹ̀. Ìyókù, ẹ̀tù òkúta tí kò wúlò mọ́, ni wọ́n ń dà jọ sí apá gúúsù ìlú fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. eGoli ni àwọn Súlù ń pe Johannesburg, Gauteng ni àwọn Sòtò ń pè é. Ibi wúrà ni ìtumọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n wúrà ti lọ sí ilé ìfowópamọ́ àwọn ẹlòmíràn. Pàǹtí rẹ̀ ló kù fún ìlú láti máa wò. Tí afẹ́fẹ́ oṣù Kẹjọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ekuru òkìtì a máa wọlé wá bà lé abọ́ ọbẹ̀, àwọn tó ń gbé ní Riverlea àti láwọn apá kan ní Soweto sì mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lórí bébà lọ.

Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, Ntate kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Ó pín páálí pélébé fún wa, tí ó ti gé ojú fèrèsé kékeré sí láàárín, ó ní ká gbé e síwájú ojú, ká máa sún un síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ohun tí a fẹ́ yà yóò fi jókòó dáadáa sínú fèrèsé náà. Lẹ́yìn náà ó ní ká pa ojú dé díẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé igi pòórá, fèrèsé ilé pòórá, àwọn mọ́tò tó ń sáré lórí títì pòórá. Nǹkan mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù: òfurufú tó mọ́lẹ̀ jù lọ, òkìtì tó wà láàárín méjì, àti ilẹ̀ iwájú tó ṣú. Ó ní àwòrán wa nìyẹn, pé gbogbo ohun tó bá kù, àlejò ni.

Àwa méjìlá la wà níbẹ̀, ọmọdé méje, àgbà márùn-ún. Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé, tí bàtà funfun ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọkọ̀ wíwà. Ohun tí mo rí ni pé ọmọdé rọrùn kọ́ ju àgbà lọ, kì í ṣe nítorí pé ọpọlọ wọn mú. Ọmọdé ń ya ohun tó wà níwájú rẹ̀. Àgbà ń ya ohun tó ti mọ̀ láti ilé. Bàbá awakọ̀ ya oòrùn sí igun bébà rẹ̀, ó fi ìtànṣán yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn wa ni oòrùn wà. Èmi fi ọ̀dà dúdú fa ìlà yí òkìtì mi ká. Ntate bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Mma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ tọ́ ìlà yẹn hàn mí lọ́hùn-ún." Mo wò ó títí. Kò sí ìlà níbẹ̀. Ibi tí àwọ̀ kan parí sí ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ya bébà náà kúrò, mo mú òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ló dùn mọ́ mi jù. Ó ní ohun tó bá jìnnà kì í mú àwọ̀ ara rẹ̀ dání, pé afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wa ló ń rẹ ẹ́. Mo wò ó, mo rí i: òkè tó wà lẹ́yìn òkìtì pátápátá dà bí aṣọ tí wọ́n rì bọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó sún mọ́ wa dà bí èyí tí wọ́n rì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ èyí fún un, mo sì ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn aláró fún un. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi àwọn ọmọ pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rì í?" Inú mi dùn pé mo fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀.

Rúsúrúsú gba àkókò. Mo fi ọ̀dà aláwọ̀ amọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó yọ jù. Mo bu omi sí i, ó di omi ọ̀gì. Mo ta pupa sí i, ó di ọsàn. Ọmọ àbúrò mi ló ní kí n ta aró sí i, ó kàn fi orí búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ, kò ju ẹ̀kán kan lọ. Àwọ̀ náà kú lójú mi. Gbogbo ariwo inú rẹ̀ rọlẹ̀, ó di àwọ̀ ara òkìtì. Etí bébà mi kún fún ìdánwò, márùn-ún lórí ìlà kan, bí àbùlẹ̀ lára ṣòkòtò àgbẹ̀. Ìlú tó ga tó 1,750 mítà sókè òkun ni Johannesburg, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ nígbà òtútù bíi ti ọyẹ́ tiwa, nítorí náà bí o bá kun ọ̀dà sí bébà tí o yíjú dáhùn ìkíni, yóò ti gbẹ kí o tó yíjú padà. Tí ó bá gbẹ tán, ó tún máa ń mọ́ ju bí o ṣe fi sílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rúsúrúsú ní láti fi nǹkan tó ṣú jù ú lọ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a ń mu tíì ni Ntate sọ̀rọ̀ ayàwòrán kan, John Koenakeefe Mohl. Ó ń dá orúkọ náà bí ẹni ń ki baba ńlá rẹ̀.

Ní 1903 ni wọ́n bí Mohl ní Dinokana, lẹ́bàá Zeerust. Ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Windhoek, àwọn míṣọ́nárì sì ràn án lọ́wọ́ títí ó fi dé Düsseldorf ní Jámánì. Nígbà tó padà dé, Sophiatown ló fìdí sí, lápá ìwọ̀ oòrùn Johannesburg, níbi tí aláwọ̀ dúdú ti lè ra ilẹ̀ kó sì ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó ṣọ̀wọ́n nílùú náà. Níbẹ̀ ló ti dá ilé iṣẹ́ tó sọ ní White Studio sílẹ̀ ní 1944, tó ń kọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní àwòrán. Ẹ ro ó wò. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ irú iṣẹ́ yẹn kò ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ilé ọkùnrin kan ládùúgbò ni ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Ojú ilẹ̀ ni Mohl ń yà. Ó ya àwọn awakùsà tó ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́ ní kùtùkùtù, ó ya òjò, ó ya eruku, ó ya yìnyín tó já bọ́ sórí Sophiatown, ohun tí ojú ibẹ̀ kì í sábà rí. Wọ́n ní òyìnbó kan tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kó fi àwòrán ojú ilẹ̀ sílẹ̀. Onítọ̀hún ní àwọn òyìnbó ti ṣe ìyẹn dé góńgó, pé òṣì àti ìyà àwọn èèyàn rẹ̀ ni kó máa yà. Mohl dá a lóhùn pé ọmọ Áfíríkà lòun, pé Ọlọ́run tó dá Áfíríkà dá ẹwà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, kí ọmọ Áfíríkà náà lè wò ó kó sì yà á.

Èsì yẹn wúwo ju bó ṣe rí létí lọ. Òfin ilẹ̀ ọdún 1913 ti ka nǹkan bí ìdá méje péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà sí ti aláwọ̀ dúdú, ó sì kà á léèwọ̀ fún wọn láti ra ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ibi tó kù. Ẹni tí òfin sọ pé kò nílẹ̀ ni wọ́n tún ń sọ fún pé kó má wo ilẹ̀. Òṣì nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti yà, nítorí pé òṣì ni olówó fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti rí àwòrán ojú ilẹ̀ J. H. Pierneef, ọmọ Afrikaner tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún ní 1929 kó ya àwòrán tí wọn yóò fi ṣe ibùdókọ̀ ojú irin Johannesburg lọ́ṣọ̀ọ́. Méjìlélọ́gbọ̀n ni àwọn pátákó náà, ó parí wọn ní 1932. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn: ìkùukùu rẹ̀ tò bí ààfin, igi rẹ̀ nà ṣánṣán bí òpó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wò ó, mo máa ń wá ẹni tó ni abà. Èèyàn ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ Pierneef bí ẹni pé àná ni Ọlọ́run dá a. Ti Mohl yàtọ̀. Ọ̀nà tó wà nínú àwòrán tirẹ̀, àwọn kan ń rìn lórí rẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Àwa náà ní irú ẹjọ́ yìí nílé. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, ti ń ya àwòrán èèyàn bí ẹni ń fẹ́ kó sọ̀rọ̀ kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ síwájú sí i ní London ní 1920. Òun ló rọ ìjọba títí wọ́n fi mú òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kenneth Murray wá ní 1927 láti wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ ọnà. Murray dé tán, ó ní kí àwọn ọmọ má ṣe bí òyìnbó, kí wọ́n máa ya ìgbésí ayé abúlé wọn. Onabolu ní rárá, pé kí wọ́n kọ́ bí ohun tó wà lókèèrè ṣe ń kéré, kí wọ́n kọ́ òjìji, kí wọ́n kọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ débi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní Mr. Perspective. N kò gbọ́ pé òun àti Mohl mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà lẹ́yìn Murray títí dòní, wọ́n sì ní ìdí wọn. Èmi kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 1955, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọlọ́pàá wọ Sophiatown, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn lọ sí Meadowlands ní Soweto. Katapílà tẹ̀lé wọn. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Triomf, èyí tó túmọ̀ sí ìṣẹ́gun, kò sì gba orúkọ rẹ̀ padà títí di 2006. Mohl di ará Soweto, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn nínú ilé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Helen Sebidi ti bá a. Ní 1943 ni wọ́n bí Sebidi ní Marapyane. Ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ, ìyá náà sì wà lára àwọn obìnrin tó ń fi amọ̀ aláwọ̀ ya ọnà sára ògiri ilé, bí àwọn obìnrin wa ṣe ń fi ẹfun àti osùn kun ojúbọ òrìṣà Ìkirè n'Ifẹ̀. Ó wá sí Johannesburg, ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó. Láàárín 1970 sí 1973 ni Mohl kọ́ ọ. Ní 1989 ó gba ẹ̀bùn Standard Bank fún àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Òun náà kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Katlehong àti Alexandra. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan láàárín Mohl àti Sebidi. Yàrá ni, àga ni, ẹni kan tó mọ̀ ọ́n ni.

Àwọn mìíràn wà. Gbọ̀ngàn tó wà ní òpópónà Polly ní Johannesburg bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àwòrán ní 1949, Cecil Skotnes sì di olórí ibẹ̀ ní 1952. Ìrọ̀lẹ́ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Durant Sihlali, tí wọ́n bí ní 1935. Ọ̀dà olómi ni Sihlali yàn láàyò. Ohun tó ń yà ni àwọn ilé Pimville àti Kliptown tí ìjọba ń wó, ògiri kan lónìí, òrùlé kan lọ́la. Ọ̀dà olómi yá ẹni tí katapílà ń lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní FUBA, ilé iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú láàárín ìgboro Johannesburg. Mo wo àwòrán rẹ̀ kan títí, páànù tó jẹrà, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀, mo sì rí i pé rúsúrúsú tí mo wá kiri, ó ti wà lọ́wọ́ tirẹ̀ tipẹ́.

Moses Tladi náà wà, tí wọ́n bí ní 1903 bíi ti Mohl, tó ń ṣe ọgbà fún òyìnbó kan ní Parktown. Ọ̀dà ilé tó ṣẹ́kù ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ra ọ̀dà gidi fún un, ní 1931 iṣẹ́ rẹ̀ sì dé ilé àwòrán ìjọba ní Cape Town, ibi tí aláwọ̀ dúdú kankan kò tíì dé ṣáájú rẹ̀. Igi àti ìmọ́lẹ̀ lórí koríko ló ń yà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé sí Kensington B, tí kì í ṣe Kensington tí a jókòó sí yìí o. Ní 1956 wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ lọ sí Soweto. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú.

Àti Gerard Sekoto. Ní 1940, ilé àwòrán ìlú tó wà ní Joubert Park ra àwòrán rẹ̀ kan, òpópónà kan ní Sophiatown tí àwọn ilé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Òun ni iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ilé àwòrán náà rà. Òpópónà náà ti di ìyẹ̀pẹ̀, àwòrán ṣì wà. Sekoto fúnra rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Paris ní 1947, kò sì padà wálé mọ́ títí tó fi kú ní 1993.

Mo lọ sí Zoo Lake lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà tí oṣù tuntun wọlé, nítorí Ntate sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ́ àwòrán sí ìta gbangba ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lóṣooṣù. Artists Under the Sun ni wọ́n ń pè é. Joubert Park ló ti bẹ̀rẹ̀ láyé àtijọ́, Mohl sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń tẹ́ iṣẹ́ síbẹ̀; lẹ́yìn náà ló kó wá sétí adágún omi yìí. Àwọn ayàwòrán jókòó sórí àga alákànpọ̀, wọ́n dé fìlà eléteetí, fúláàsìkì tíì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àwòrán fara ti igi, ó fara ti ọgbà onírin, ó sùn sórí koríko. Pẹ́pẹ́yẹ inú omi ń wò wá.

Ká sòótọ́, erin ti pọ̀ jù níbẹ̀. Erin níwájú oòrùn tó ń wọ̀, erin nínú odò, erin tó kọjú sí ni tó ń fẹ́tí. N kò rí erin kankan ní Johannesburg ju ti inú ọgbà ẹranko lọ. Igi jakarándà pọ̀ náà, ṣùgbọ́n mo dárí ji ìyẹn, nítorí bí oṣù Kẹwàá bá dé tí igi náà bá tanná, òpópónà ìlú á di elésè àlùkò láti orí igi dé ojú ọ̀dà, èèyàn á sì máa tẹ òdòdó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí aṣọ ìgúnwà. Obìnrin kan wà tó ya ìjì. Ìgbà ooru ìlú náà ní òjò tirẹ̀: láago mẹ́ta ọ̀sán, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, láago mẹ́rin, yóò ti dúdú kirikiri lápá kan nígbà tí oòrùn ṣì ń tàn lápá kejì, òkìtì wúrà á wá dúró sáàárín, á máa tàn bí iná àtùpà. Ohun tí obìnrin náà yà nìyẹn. Kò sí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ṣù sí ni ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ya àwọn àgọ́ onípáànù: ọmọ tí kò wọ bàtà, ìyá tó gbé garawa rù, òrùlé pupa fòò tí kò sí irú rẹ̀ láyé. Mo bi í bóyá ibẹ̀ ló ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé bíríkì lòun ń gbé, pé òun a máa ya odò tó wà nítòsí ilé òun, ṣùgbọ́n àwọn àlejò kì í rà á. Ó ní wọ́n máa ń béèrè pé, "Áfíríkà dà níbẹ̀?" Òyìnbó tó gba Mohl nímọ̀ràn kò kú, ó ṣì ń ná ọjà.

Mo ra ìjì obìnrin yẹn. N kò sọ iye tí mo rà á fún àbúrò mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àpáta. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, òjìji ti ń kúrò nínú ojú àgbàrá òkìtì, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń di ọ̀kan. Ntate ní ká dá ọwọ́ dúró, pé ohun tí a rí ti lọ, pé bí a bá ń bá a lọ, irọ́ la ó máa pa. Ó to iṣẹ́ wa sórí àpáta, ó fi òkúta kéékèèké tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Òkìtì méjìlá, kò sí méjì tó jọra. Ti nọ́ọ̀sì dúdú jù, ṣùgbọ́n òun ló wúwo jù, èèyàn lè mọ̀ ọ́n lọ́rùn bí ẹrù. Bàbá awakọ̀ ti fi ìkùukùu bo oòrùn rẹ̀. Ti ọmọ àbúrò mi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi bébà sílẹ̀ láìkùn lórí rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Nísàlẹ̀, ó fi pẹ́ńsù kọ RUSURUSU, kò fi àmì sí i. Ntate gbìyànjú láti kà á, ó gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ, gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa àwọn òkìtì náà. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí lè rí wúrà tí ti àtijọ́ fi sílẹ̀ nínú ẹ̀tù, nítorí náà wọ́n ń fi omi alágbára tú u palẹ̀, ó ń di ẹrẹ̀, wọ́n ń fi páìpù fà á lọ síbi tí wọn yóò ti tún un fọ̀. Àwọn kan ti lọ láìku nǹkan kan, ilẹ̀ ibẹ̀ ti tẹ́. Àwọn tí ekuru rẹ̀ ń dà láàmú yóò dúpẹ́, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Johannesburg, tí ẹ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ lórí títì márosẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wò ó kó tó tán. Ẹ lọ láàárọ̀, nígbà tí òjìji ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ mú bébà dání, ẹ má sì sọ fún wọn pé pupa ni.